Ọkọ̀ Tí Mo Fi Owó Mẹ́kà Rà Kì í Ṣe Títà

Abúlé Olókùúta,
Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1988.

Kabir ọmọ mi, àkọ́bí mi, ọmọ Mìkáílù,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé dáadáa lo wà? Asiyah ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun, ṣé èyí tí ikọ́ ń bá jà ti gbádùn? Iṣẹ́ báńkì ńkọ́, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ ọ ní gbogbo ìgboro Èkó, o kò ní fẹsẹ̀ kọ, ojú kò ní tì ọ́, o kò ní fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ. Mo ní àdúrà púpọ̀ ju báyìí lọ fún ọ, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mo sì fẹ́ tètè dé ibi ọ̀rọ̀. Nítorí náà mo fi àdúrà tó kù sí ìparí lẹ́tà, bí o bá kà á dé ibẹ̀ wàá bá a.

Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Iṣu ọdún yìí ta dáadáa. Ewúrẹ́ abilà bí méjì, ọ̀kan kú. Òrùlé ilé bàbá rẹ tí afẹ́fẹ́ ṣí ní oṣù Keje, a ti kàn án padà. Òjò kò sinmi, gbogbo ilẹ̀ ti rọ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, mi ò bẹ akọ̀wé kankan. Tíṣà Victoria tó ń kọ́ àwa àgbàlagbà níwèé ní ọ̀sán Ọjọ́rú ti gbé mi kúrò ní kíláàsì kìíní, kíláàsì kejì ni mo wà. Bí o bá rí àmì ohùn tó jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, bá mi gbé e kúrò níbẹ̀, má fi mí ṣe ẹlẹ́yà lójú ìyàwó rẹ.

Ó yá, lẹ́tà rẹ dé. Dẹ́rẹ́bà tó ń ti Èkó wá ló gbé e fún Gabriel mẹkáníìkì, Gabriel gbé e fún mi. Mo kà á, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà, mo rò pé ojú ló ń ṣe mí. Ojú kò ṣe mí. Ìwọ Kabir lo kọ ọ́ pé kí n kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ Lanróófà mi fún Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Ọládépò, ará Ìbàdàn, pé o ti tà á fún un, pé ó ti san àsansílẹ̀, pé orúkọ rẹ ló wà nínú ìwé ọkọ̀, ìwọ lo sì ni ín. O ní irin tó ti dípẹtà ni. O ní owó tí o ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ọdún mẹ́rin kí n fi lọ sí Mẹ́kà ni mo kó lọ ra ohun tí àwọn onírin àlòkù ń wá kiri. O ní bàbá ìyàwó rẹ rí mi ní ọjà Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo wé gèlè, mo di sítíárí mú, mò ń fọn fèrè lé àwọn alálùpùpù lórí, pé nígbà tó sọ fún ọ, ńṣe ló wù ọ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé ọ mì.

Ó dáa. O ti sọ tìrẹ. Wá jókòó, kí èmi náà sọ tèmi. Mi ò ta ọkọ̀. Mi ò ní í tà á. Bí wọ́n bá kó gbogbo owó tó wà ní báńkì yín dà sí ẹnu ọ̀nà mi, n ó ní kí wọ́n kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkọ̀ mi ráyè kọjá.

O kò sí nílé lọ́jọ́ tí bàbá rẹ kú. A sọ fún ọ pé àìsàn ló ṣe é, òótọ́ ni. A kò sọ ti ọ̀nà fún ọ. Ìpá ló mú un láàárọ̀, inú rẹ̀ le bí pákó. A gbé e sórí kẹ̀kẹ́ Ààfáà Ismaheel, Ààfáà ń fà á níwájú, èmi ń tì í lẹ́yìn, à ń lọ sí ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí a dé odò Ẹlẹ́ja, odò ti kún. Ìwọ náà mọ̀ pé mọ́tò kì í wọ abúlé wa láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kẹwàá. A gbé e sọ̀ sétí odò, a ń wojú omi. Bàbá rẹ ní kí n má sunkún, pé omi náà yóò fà. Omi fà lóòótọ́, ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò lè dúró dè é. Ọ̀sán gangan ló kú, oòrùn ń ràn, títì ọlọ́dà kò tó máìlì mẹ́ta sí ibi tí a jókòó sí. Mò ń gbọ́ ìró lọ́rì. Kabir, mò ń gbọ́ ìró lọ́rì tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́, orí bàbá rẹ wà lórí itan mi. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ọdún kẹta rẹ̀ ni mo kó iṣu lọ sí Ọ̀yọ́. Mò ń kọjá níwájú ọgbà kan tí wọ́n ti ń fún màlúù lábẹ́rẹ́ nígbà kan rí, mo bá èrò níbẹ̀, wọ́n ń lu àwọn ẹrù àtijọ́ ní gbàǹjo. Ọkùnrin kan dúró sórí àpótí, ó ń pariwo. Wọ́n lu tábìlì, wọ́n lu fáànù, wọ́n lu àga tí kò lẹ́sẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ ọgbà ni mo ti rí i. Ìbẹ́pẹ kan ti gba inú rẹ̀ hù jáde, adìyẹ kan sì ń sàba lórí àga dẹ́rẹ́bà, ó ń wò mí pé kí ni mo wá ṣe. Wọ́n ní ọdún òmìnira ni wọ́n gbé e dé, tí í ṣe pé ọdún kan péré ni o fi ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń rọ ìkòkò ti ń nawọ́ sí i, ó fẹ́ lọ yọ́ ọ ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Mo bi ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé irú iṣẹ́ wo ni ọkọ̀ yìí ń ṣe nígbà tó wà láyé. Ó ní kò sí gáà Fúlàní tí kò dé, kò sí odò tí kò là kọjá. Mo ní odò? Ó ní odò. Mo nawọ́ sókè.

Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ná ọjà ní Takie náà ni. Alágbẹ̀dẹ ìkòkò dá iye kan, èmi náà dá tèmi, mo bá yíjú sí ọ̀gá orí àpótí pé kó yọ díẹ̀ fún mi níbẹ̀, opó ni mí. Ó ní wọn kì í yọ níbí, fífi kún un ni. Mo ní irú ọjà wo nìyẹn, tí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ń fi ẹnu ara rẹ̀ wọ́n ọjà? Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ìyá rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọmọ rẹ̀, mo ṣàdúrà fún un, mo ṣe bí ẹni ń lọ kó lè pè mí padà. Kò pè mí padà! Èmi náà ló tún padà fúnra mi. Gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín, alágbẹ̀dẹ ìkòkò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kó tó nu ojú tán, ọ̀gá ti fi òòlù lu tábìlì, gbàà, ó ní ó ti di tèmi. Mo ra adìyẹ náà mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ni, owó Mẹ́kà ni mo san. Mi ò jalè. Ìwọ lo fún mi, o ní kí n fi wá Ọlọ́run lọ. Ọlọ́run tó wà ní Mẹ́kà náà ló wà létí odò Ẹlẹ́ja lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Òun náà mọ ohun tí mo bá A sọ níbẹ̀. Àbí orúkọ Àlhájà ni ìwọ ń fẹ́, kí wọ́n lè máa pè ọ́ ní ọmọ Àlhájà ní Èkó? Ta ló sì ń ra ọkọ̀ tuntun nísinsìnyí tí Sáàpù ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n ti gba ìlú kan? Àwọn tíṣà tó ní mọ́tò níjelòó ti gbé e lérí búlọ́ọ̀kù. Ìwọ òṣìṣẹ́ báńkì gan-an, bọ́ọ̀sì lò ń wọ̀.

Tirakítọ̀ ló wọ́ ọ láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo jókòó tí mo di sítíárí mú. Gabriel, àgbà mẹkáníìkì tó ní ọgbà lẹ́yìn Takie, yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi òòlù kàn án, ìpẹtà ń dà sí i lójú. Ó jáde, ó ní ara rẹ̀ yè, egungun rẹ̀ ló jẹrà. Ó ní irin tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, irin ìkòkò ni, kì í dípẹtà láéláé, ṣùgbọ́n igi irin méjì tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣáásì, ti jẹ tán. Wẹ́dà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gé èyí tó jẹrà kúrò, ó ń jó irin tuntun mọ́ ọn. Ta lo sì rò pé ó lẹ ibi tí ara rẹ̀ ya? Alágbẹ̀dẹ ìkòkò yẹn náà ni! Mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, mo ní kó wá parí ẹ̀rín rẹ̀. Ó wá, ó sì ṣe é dáadáa, o kò lè mọ ojú ibẹ̀.

Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n tú u wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí mo bá ti ná ọjà tán, ọgbà Gabriel ni mò ń yà sí. Mo jókòó sórí àpótí, mò ń fi kẹrosíìnì fọ nọ́ọ̀tì bí ẹni ń ṣan irú. Gabriel ní kí n má fi epo ba aṣọ mi jẹ́. Mo ní ta ni mò ń wọ̀ ọ́ fún? Mo mọ pisitíìnì báyìí, mo mọ kabúrétọ̀, mo mọ èyí tó ń tutù àti èyí tó ń gbóná. Oṣù méje ni a fi wà níbẹ̀. Àwọn kan ń kọjá, wọ́n ń bi mí bóyá orí mi pé. Mo ní ó pé, kí wọ́n bá mi na sípánà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dáhùn, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tu èéfín dúdú, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Gabriel tó jẹ́ ọmọ ìjọ Bàtíìsì kígbe Halelúyà, èmi kígbe Aláhù Àkùbárù, mo sì sunkún, mi ò tijú.

Ìgbà tó kan ìwé ọkọ̀ ni ìyà jẹ mí. Ọkùnrin kan tó so táì ní kí n wá san owó ìnṣọ́ránsì. Mo ní kí nìyẹn. Ó ní bí mo bá fi ọkọ̀ gbá ènìyàn, àwọn ló máa bá mi san owó ìtọ́jú. Mo ní kò ní ṣẹ! Mo ní mo jí láàárọ̀, mo kírun, ìwọ so táì mọ́ ọrùn láti wá gba owó jàǹbá lọ́wọ́ mi kí jàǹbá tó dé, ta ló rán ọ sí mi? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo kí gbogbo ọ́fíìsì gbọ́, Gabriel ló rọ̀ mí. Mo san án nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ ṣàmín sí àdúrà pé owó náà kò ní wúlò fún mi.

Wọ́n tún ní àwọn fẹ́ yẹ ojú mi wò. Wọ́n ní kí n dúró lókèèrè kí n ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Lẹ́tà ńlá kan wà lókè, méjì wà lábẹ́ rẹ̀, mẹ́ta wà lábẹ́ ìyẹn. Mo kà á, mo so ó pọ̀ bí Tíṣà Victoria ṣe kọ́ wa, kò yọrí sí ọ̀rọ̀ kankan. Mo ní kí wọ́n lọ mú ẹni tó kọ ọ́ wá sí kíláàsì wa ní Ọjọ́rú. Wọ́n ní ojú mi yege. Wọ́n tún béèrè bóyá ọkọ̀ náà jẹ́ ti ìlò ara ẹni tàbí ti ìṣòwò. Mo ní ti òjò ni. Akọ̀wé ní kò sí òjò nínú fọ́ọ̀mù. Mo ní ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù kò tíì dé Olókùúta nìyẹn.

Ibi tí mò ń lọ rèé, Kabir, fetí sílẹ̀. Akọ̀wé náà béèrè orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀. Mo ní Ìyá Kabir. Ó ní ìyẹn kì í ṣe orúkọ. Mo ní kó jáde sí Takie kó béèrè Ìyá Kabir, bóyá wọn kò ní mú un wá bá mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, ta ló tún pè mí ní nǹkan mìíràn? Bàbá rẹ pàápàá, bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí títí tó fi kú. Igbá tí mo fi ń wọn gàrí, orúkọ rẹ ni mo fín sí ìdí rẹ̀. Pákó ìsọ̀ mi, orúkọ rẹ ni wọ́n fi ọ̀dà kọ sí i. Akọ̀wé ní àyè kò gba Ìyá nínú fọ́ọ̀mù, ó kọ Kabir, ó fi orúkọ bàbá rẹ tì í, ó ní ṣé ó dára bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dára, inú mi tiẹ̀ dùn. Orúkọ ọmọ ni ìyá fi ń sàmì sí ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wàá wá gbé àmì náà dìde pé ìwọ lo ni ẹrù. Igbá gàrí mi ńkọ́, ṣé o ti rí ẹni tó máa rà á?

Ojoojúmọ́ ni mò ń wa ọkọ̀ yìí. Orí pápá ilé-ìwé ni Gabriel ti kọ́ mi, mo wó òpó bọ́ọ̀lù kan, mo ti bá wọn gbé òmíràn nàró. Ọjọ́ ọjà, mo máa ń kó àwọn obìnrin abúlé àti ẹrù wọn lọ sí Takie. Ọjọ́ Jímọ̀, à ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ńlá. Ààfáà Ismaheel tó wàásù lé mi lórí pé wọn kì í fi owó Mẹ́kà ra irin, iwájú ló ń jókòó sí, bí mo bá pẹ́ díẹ̀ ó ń ránṣẹ́ wá wò mí. Bàbá Asiyah tó rí mi ní Takie, ṣé ó sọ fún ọ pé mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Kò sọ. Ó sì jẹ ẹ̀pà mi lọ́nà.

Oṣù tó kọjá, Mọ̀ríámọ̀ ìyàwó káfíńtà rọbí láàárọ̀, ọmọ fẹ́ fi ẹsẹ̀ jáde, odò Ẹlẹ́ja sì kún bámúbámú. A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Mo fi jíà kejì sí i bí Gabriel ṣe kọ́ mi, mo tẹ iná ọkọ̀, mi ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, omi wọlé bá wa dé kókósẹ̀, àwọn obìnrin ń pe Ọlọ́run, ọkọ̀ náà ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọmọ náà wà láàyè, ìyá rẹ̀ wà láàyè. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo dúró níbi tí a tẹ́ bàbá rẹ sí lọ́jọ́ yẹn, mo fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan kó lè gbọ́. Irú fèrè tó ń tì ọ́ lójú nìyẹn.

Ọjọ́ kejì tí lẹ́tà rẹ dé, mo lọ sí ilé tẹlifóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n lè fún ọ lésì. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ fọhùn nínú rẹ̀. Mo kí i, mo béèrè ọkọ àti ọmọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn, nọ́ńbà ló ń béèrè, ọmọ tí a kò kọ́ nílé. Nígbà tí ìwọ wá bọ́ sí i, mo kí ọ, mo kí Asiyah, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òjò, mo kì ọ́ díẹ̀, torí bí inú ti wù kó máa bíni tó, a kì í já lu ọ̀rọ̀ láìkí ènìyàn. Bí mo ṣe wá ní wàyí o, Kabir, tẹlifóònù já. Akọ̀wé ibẹ̀ ní àkókò mi ti pé. Mo ní orí ìkíni ni mo ṣì wà. Ó ní ìkíni náà ni mo san owó fún. Àṣé ìwọ rò pé mo ti gbà, o wá ránṣẹ́ sí Ẹnjiníà pé inú màmá dùn, kó máa bọ̀. Ìkíni ni mo kí ọ o! Mi ò gbà fún ọ.

Ó wá lóòótọ́, Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wọ abúlé, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó gbé ìwé tí o fọwọ́ sí sókè kí omi má bàa kàn án. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ funfun ti kú sáàárín odò. Mo fún un lómi, mo fún un lágbàdo sísun, torí àlejò ni. Ó yí Lanróófà po, ó dùbúlẹ̀ tòun ti aṣọ funfun, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó béèrè ẹni tó jó irin náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ máa fi gbafẹ́ ní ọjọ́ Sátidé ní Ìbàdàn. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ni ín. Ó rọra ní ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀, pé òun kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé kóòtù.

Kabir, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo kó o lé e lọ́wọ́. Gbogbo abúlé pariwo, Ààfáà di orí mú. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo ní Ẹnjiníà, ọkọ̀ yín nìyí, ọkọ̀ yín kejì ló wà nínú odò, ẹ fi èyí lọ fa ìyẹn. Ó gòkè, ó ṣí i, ó wà á dé etí odò, àwa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Omi ti gorí táyà ọkọ̀ funfun náà, òjò sì tún ti ṣú. Ó dúró níbẹ̀, ó ń wo omi. Ó bi mí pé apá ibo ló jìn. Mo ní ṣé ìwé tó wà lọ́wọ́ yín kò kọ ọ́ síbẹ̀ ni? Ó jókòó títí ìrì òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ó wá sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kó kọ́kọ́rọ́ fún mi.

Mo ṣán ìró mi, mo bọ́ bàtà. Mo gba apá òsì ibi tí òkúta wà, mo kọjá lára ọkọ̀ rẹ̀, mo dé òdìkejì. Ààfáà wọ omi dé àyà, ó so ṣéènì mọ́ ọn, mo fà á. Táyà kọ́kọ́ yí lásán, ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́, mo pe orúkọ bàbá rẹ, mo tún jíà mú, ọkọ̀ náà gbọn gbogbo ara, ó fà á jáde, omi ń dà ní gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo sì tún fà á dé ọgbà Gabriel. Ibẹ̀ ni Ẹnjiníà ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yẹn pé òun kò rà mọ́, kí o dá owó òun padà. Ó ní bí òun bá gbé ọkọ̀ yìí lọ sí Ìbàdàn, òjò tó bá rọ̀ kò ní jẹ́ kí òun sùn. Ó ti bẹ Gabriel pé kó bá òun wá òmíràn. Ìwé náà wà nínú àpòòwé yìí, kà á dáadáa.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n yí orúkọ náà padà. Akọ̀wé yẹn náà ni mo bá. Ó ní kí ni orúkọ mi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé tí ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀, Gabriel tó tẹ̀ lé mi lọ ló ní kí n fọhùn. Mo ní Marufat ni. Akọ̀wé kọ ọ́, àyè gbà á nínú fọ́ọ̀mù, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ó ní ó di dandan kí ìwọ fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù náà nìyí, mo ti fi bírò kan àmì síbi tí wàá fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ owó, ìjà kò ní kí n má bẹ ọmọ mi. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti dán bí orí apárí, fi owó táyà ránṣẹ́. Kí Asiyah náà bá mi wá aṣọ tó nípọn tí n ó fi bo àga, torí àwọn aboyún ń ráhùn. Bí o bá dá owó Ẹnjiníà padà tí nǹkan kan ṣẹ́ kù, fi kún un.

Àdúrà tí mo ní mo máa fi sí ìparí nìyí. Ọlọ́run yóò gbé ọ ga ju àwọn ọ̀gá rẹ lọ. Odò kò ní kún dè ọ́. Ọjọ́ tí o bá nílò ènìyàn, ènìyàn yóò yára dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí o ṣe ń ṣe fún mi ni àwọn ọmọ rẹ yóò ṣe fún ọ, ti ọ̀sẹ̀ yìí kò sí níbẹ̀ o, mo ti yọ ọ́ kúrò. Àmín.

Mo fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí fọ́ọ̀mù kò bá dé, n ó gbé Lanróófà wá sí Èkó. Gabriel ti júwe ọ̀nà fún mi: Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, lẹ́yìn náà kí n máa béèrè. N ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà báńkì yín, n ó wọlé, n ó dúró láàárín èrò, n ó ní kí wọ́n bá mi pe Kabir ọmọ Marufat.

Èmi tí mo bí ọ, tí mo sì ni ọkọ̀,
Marufat.